Ìwúkọ́ Nílé Ìwúkàrà

Ajé, 1 Òkúdù
Òjò láti ìdájí. Búrẹ́dì ilé ìwé pé ọgọ́fà, ọ̀kan ò jóná. Kókó pupa yọ lójúgun mi: mẹ́ta lápá òsì, méjì lápá ọ̀tún. Wọ́n gbóná, bí aṣọ bá kàn wọ́n báyìí, ó ń dùn mí wọra. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti páànù ló gbá mi. Ó ní, "Dádì, kẹ̀kẹ́ wo ló ń gbá ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?" Mo ní kẹ̀kẹ́ tiwa mọṣẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 4 Òkúdù
Ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì wú, bàtà kọ̀, kò wọ̀. Sálúbàtà ni mo wọ̀ lọ po ìyẹ̀fun. Baba Ààrò, tó ti ń bá mi kó búrẹ́dì wọná láti ọdún mọ́kànlá, wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé etí òkun lẹ ń lọ ni?" Mo ní kó gbájú mọ́ ààrò rẹ̀. Ó ní, "Ojú mi ò kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ló ń pè mí."

Ìṣẹ́gun, 9 Òkúdù
Ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Gbígbẹ ni, bí ìgbà tí ìyẹ̀fun bá há ni lọ́fun, kò mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kankan wá. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń mí ìyẹ̀fun símú, kò mú mi wúkọ́ rí. Ìyàwó mi ní, "Ìwúkàrà lẹ lọ rà lánàá, ìwúkọ́ lẹ gbé wálé." Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì di ikọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ ohùn mi lórí fóònù, ó ti dé kí n tó sọ pé kó má ṣèyọnu. Ó gbé ìgò oògùn tó ń mú eegun le wá. "Méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Má bi mí ní ìbéèrè kankan." Ta ló fẹ́ bi í?

Àìkú, 14 Òkúdù
Àpò ìyẹ̀fun kan, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mò ń gbé e, mò ń súfèé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mo gbórí lé tábìlì pé kí n sinmi díẹ̀. Nígbà tí mo jí, oòrùn ti ń wọ̀, wọ́n ti kó abọ́ kúrò níwájú mi, wọ́n sì ti ki ìrọ̀rí sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Àárẹ̀ yìí kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́. Àárẹ̀ iṣẹ́, bí èèyàn bá sùn, á lọ. Eléyìí ń bá mi sùn, ó tún ń bá mi jí.

Ọjọ́bọ̀, 18 Òkúdù
Ìyẹ̀fun tún gbówó lórí. Kókó ojúgun ti ń rọlẹ̀, ó ti ń dúdú bí ibi tí bọ́ọ̀lù gbá. Ó ti tán nìyẹn. Mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́rú, 24 Òkúdù
Ọ̀gá ilé ìwé wá fúnra rẹ̀ láti wo ibi tí a ti ń ṣe oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ti fọ gbogbo pẹpẹ, mo ti wọ ẹ̀wù funfun tuntun. Bí mo ṣe lanu pé "Ẹ káàbọ̀, Mà," ikọ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko. Obìnrin náà dúró, ó ń wo páànù, kò wo ojú mi. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ẹ tọ́jú ara yín o." Ohùn rẹ̀ dára, àmọ́ mo gbọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Ìyàwó mi ò bá mi jiyàn. Ó kàn gbé bàtà mi síwájú mi, ó ní, "Ọ̀túnla la ń lọ rí dókítà."

Ẹtì, 26 Òkúdù
Dókítà tó rí wa kéré lọ́jọ́ orí, àmọ́ ó ń fara balẹ̀. Ó gbọ́ àyà mi, ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ní kí n lọ ya fọ́tò àyà. Nígbà tí fọ́tò jáde, ó gbé e síwájú iná, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Ìyàwó mi ní, "Dókítà, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ ká máa wo yín lójú."

Ó ní kókó wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró mi, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó lè jẹ́ ikọ́ ife, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, kò fẹ́ méfò. Ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní mò ń ṣe búrẹ́dì. Ó kọ́kọ́ fi bírò rẹ̀ kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ọ́: "Ẹ má tíì fọwọ́ kan ìyẹ̀fun, Sà, títí a ó fi mọ̀. Ẹ sì dá yàrá gbé fún ìgbà díẹ̀."

 Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé, ìyàwó mi ní, "Ta ni yóò po ti ọ̀la?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Èmi mọ̀." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó wọlé lọ fọwọ́.

Àìkú, 28 Òkúdù
Yàrá òkè ni mo wà. Fèrèsé kan, ibùsùn kan, àga kan. Ìyàwó mi ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, a ó sì jókòó, èmi nínú yàrá, òun lórí àkéte lóde, a ó jọ jẹun, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí láàárín wa. Ọdún mọ́kàndínlógún tí a ti fẹ́ra, a ò sọ̀rọ̀ pọ̀ báyìí rí.

Mò ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń ṣe nísàlẹ̀. Mo gbọ́ ìgbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, mo sì ń retí kí páànù máa dún. Kò dún. Wákàtí kan, wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó ń fi ìyẹ̀fun sílẹ̀ pẹ́ jù kó tó gé e! Mo yọrí lójú fèrèsé, mo kígbe pé, "Ó ti tó o!" Ó yọrí nísàlẹ̀, ìyẹ̀fun wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Dádì, ẹ pa fèrèsé yẹn dé."

Ọjọ́rú, 1 Agẹmọ
Lẹ́tà dé láti ilé ìwé: kí a dá búrẹ́dì dúró ná. Lẹ́tà náà níwà, kò bú mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti lọ sádùúgbò, ẹnu ayé ò sì ṣe é bò. Ìyàwó mi ní méjì nínú àwọn oníbàárà àárọ̀ ti kọjá níwájú ilé, wọ́n ṣe bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run.

Òun àti Baba Ààrò náà ti lọ ṣe àyẹ̀wò. Kò sí nǹkan kan lára wọn. Baba Ààrò wá kí mi nírọ̀lẹ́, ó wọ ìbòmú, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rù ò bà yín?" Ó ní, "Ọ̀gá, mo ti fi ọdún méjìlélógójì dúró síwájú iná. Ta ni yóò tún wá fi ikọ́ dẹ́rù bà mí?" Ó sọ pé búrẹ́dì òní rọ̀ bí òwú. Mo ní kó lọ wo ààrò rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 4 Agẹmọ
Wọ́n ní kí n mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Níbo ni n ó ti rí i? Ikọ́ mi gbẹ bí èèpo igi. Nọ́ọ̀sì ní kò burú, ó fi nǹkan bò mí nímú, omi oníyọ̀ ń rú bí ìkùukùu nínú rẹ̀, ó ní kí n máa fà á símú. Mo wúkọ́ títí mo fi rí ohun tí wọ́n ń wá. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ojú ọ̀tún mi pọ́n. Mo rò pé ìkùukùu oníyọ̀ yẹn ni.

Ìṣẹ́gun, 7 Agẹmọ
Kò sí kòkòrò ikọ́ ife nínú ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Dókítà kékeré ní àyẹ̀wò kan ṣì kù tó máa ń pẹ́, kí n má tíì jó. Mi ò jó, àmọ́ mo mi èjìká díẹ̀.

Ojú méjèèjì ló ti wá pọ́n báyìí. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń gún mi, mo sì ń wo òpópónà bí ẹni ń wò ó láti inú omi. Dókítà kékeré kọ lẹ́tà fún mi sí dókítà ojú, ó ní kí n má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí.

Ọjọ́bọ̀, 9 Agẹmọ
Mo ní láti kọ tòní kí n tó gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí ìlà ìwé dáadáa.

Dókítà ojú jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí gíláàsì méjì wà lára rẹ̀, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Ó ní kí n gbé àgbọ̀n lé irin. Ó wo ojú ọ̀tún, ó wo tòsì, ó tún padà sí tọ̀tún.

"Kì í ṣe iná ààrò ló ṣe èyí, Sà. Inú ẹyinjú gan-an ló ń wú. Ẹ jẹ́ n bi yín ní ohun tí kò kan ojú. Ẹ ń wúkọ́?"

"Ikọ́ ló lé mi kúrò nídìí iṣẹ́, Mà."

"Gbígbẹ ni àbí ó ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀?"

"Gbígbẹ."

"Ó ń rẹ̀ yín ju bó ṣe yẹ lọ?"

Ìyàwó mi ló dáhùn. "Ó ń sùn sórí tábìlì, Dókítà."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé kókó pupa kankan ti yọ lójúgun yín láìpẹ́ yìí? Èyí tó gbóná, tó ń dunni?"

Mo wo ìyàwó mi, ìyàwó mi wò mí. Mi ò sọ̀rọ̀ ojúgun fún dókítà kankan rí. Ta ló ń sọ ti ẹsẹ̀ fún ẹni tó ń wo àyà? Ó sì ti lọ fúnra rẹ̀, mo ti gbàgbé rẹ̀.

"Nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Mo ní n ò lè rántí. Ìyàwó mi ṣí báàgì rẹ̀, ó fa ìwé yìí yọ. Ìwé yìí gan-an! Mi ò mọ̀ pé ó mọ ibi tí mò ń fi í sí. Ó ní òun kì í kà á, àfi ibi tí mo bá ti sọ̀rọ̀ òun.

Ó kà á sókè fún dókítà, láti ọjọ́ kìíní Òkúdù: ojúgun, ọrùn ẹsẹ̀, ikọ́, àpò ìyẹ̀fun, oorun orí tábìlì. Ó ka ti kẹ̀kẹ́ tó mọṣẹ́ náà, dókítà sì rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń kà á ni dókítà ń kọ ọ́ sórí bébà. Nígbà tí ìyàwó mi parí, dókítà fi bírò fa òbìrí yí gbogbo rẹ̀ ká.

"Ẹ ti ń kà wọ́n bí àìsàn mẹ́fà," ló wí. "Ó lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá jọ rìn pọ̀, tí kókó sì wà láyà lápá méjèèjì, àìsàn kan wà tí a máa ń wá. Sakọidósíìsì ni wọ́n ń pè é. Mi ò sọ pé òun ni o. Dókítà ẹ̀dọ̀fóró ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Tèmi ni kí n má jẹ́ kó ba ojú yín jẹ́."

Ó fún mi ní oògùn tí a ń kán sójú, wákàtí méjì méjì. Ó kìlọ̀ pé bí ojú bá tilẹ̀ mọ́ lọ́la, n kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra mi.

Ní ọ̀nà ilé, ìyàwó mi ń pe orúkọ náà lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ orin. Ní ilé, Baba Ààrò gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní orúkọ náà ń wá ẹni tó máa gbé e.

Ìṣẹ́gun, 14 Agẹmọ
Dókítà ẹ̀dọ̀fóró ti gbó lẹ́nu iṣẹ́, irun rẹ̀ ti funfun, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó ní a kì í wo ojú nìkan ká sọ pé òun ni. Àìsàn púpọ̀ ló ń wọ aṣọ ara wọn. Wọ́n fún mi lóògùn tó mú mi tòògbé, wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín tó ní iná lórí gba ọ̀fun mi wọlé, wọ́n sì bu ẹran díẹ̀ níbi kókó náà, kò tó orí ìṣáná. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ mi láyà láti gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Nọ́ọ̀sì ní ó ń lù bí ti ọmọ ogún ọdún. Ìyàwó mi ní kó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ọ̀fun ń dùn mí. Tíì tútù ni mo mu. Ojú ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀.

Àbámẹ́ta, 18 Agẹmọ
Mo rí ìtẹ́ ẹyẹ lórí òpó iná tó kọjú sí fèrèsé mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti wà nínú yàrá yìí, òní ni ojú mi tó mọ́ débi tí mo fi rí i.

Ẹtì, 24 Agẹmọ
Òun ni. Sakọidósíìsì. Ẹran tí wọ́n bu ló fi hàn bẹ́ẹ̀, kò sí kòkòrò ikọ́ ife nínú rẹ̀, àyẹ̀wò tó ń pẹ́ yẹn náà ò sì rí nǹkan kan títí di òní.

Mo ti ń bẹ̀rù ọjọ́ tí wọn yóò fún un lórúkọ, àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ tí ara mi rọlẹ̀. Dókítà ẹ̀dọ̀fóró fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní àwọn ọmọ ogun inú ara mi ló ṣara jọ síbi tí ọ̀tá kankan ò sí, wọ́n dúró pa, wọ́n sì di kókó kéékèèké, nínú àyà, nínú ojú, lábẹ́ awọ.

"Kí ló fà á?" ni mo bi í.

"A ò mọ̀." Ó sọ ọ́ gbangba, kò fi nǹkan kan bò ó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

"Ìyẹ̀fun ńkọ́?"

"Kò sí ohun tó fi hàn pé ìyẹ̀fun ni. Àmọ́ ẹ máa wọ ìbòmú. Eruku kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni."

Ìyàwó mi ti ń fọwọ́ fún etí aṣọ rẹ̀ láti ìgbà tí a ti jókòó. "Dókítà, ṣé ó ń ràn?"

"Kì í ràn rárá. Bó bá wù ú, kó fẹnu ko gbogbo àdúgbò lẹ́nu."

"Kó má kọjá ilé o, Dókítà!"

Irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ojúgun báyìí, dókítà ní púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń lọ fúnra rẹ̀. Wọn ò ní fún mi lóògùn tó le fún àyà báyìí, ṣíṣọ́ ni wọn yóò máa ṣọ́ ọ. Bí èémí bá ń kúrú sí i, bí ojú bá tún ṣú, bí ọkàn bá ń lù kìtìkìtì tàbí òòyì ń kọ́ mi, kí n má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Lẹ́yìn náà ló béèrè oògùn tí mò ń lò nílé. Mo dárúkọ oògùn eegun ẹ̀gbọ́n mi. Ó fajú ro. Ó ní àìsàn yìí lè mú kí èròjà tó ń mú eegun le pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tèmi sì ti fẹ́ máa gòkè. Kí n dá ìgò yẹn dúró lónìí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.  Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé mo pa ọ́ lára ni?" Mo ní kò pa mí lára, a tètè mọ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Gbé ìgò yẹn wá fún mi, èmi náà ní eegun."

Ìyàwó mi gbé ìrọ̀rí mi kúrò ní yàrá òkè.  Ó kàn gbé e sí ibi tó ń wà tẹ́lẹ̀.

Ajé, 27 Agẹmọ
Ìpàdé àwọn òbí nílé ìwé, kí wọ́n tó gba ìsinmi. Mo bẹ ọ̀gá ilé ìwé pé kó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.  Mo sọ fún wọn pé mo ṣàìsàn, mo sọ orúkọ rẹ̀, mo sọ pé kì í ràn, mo sì gbé ìwé dókítà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn. "Èmi ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n dá búrẹ́dì yín dúró. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ mọ̀."

 Mo ní, "Mà, bí ọmọ mi bá ń jẹun níbí, ohun tí èmi náà ì bá ṣe nìyẹn. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ lójú mi."

Ó jókòó, ó ń nu ojú. Bàbá kan ní, "Ó dáa, ọ̀rọ̀ ti yé wa, àmọ́ ta ló ń ṣe búrẹ́dì láti oṣù tó kọjá? Èyí tí mò ń rà rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ sí ìyàwó mi. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó tún jókòó kíákíá.

Ọ̀gá ilé ìwé ní ọgọ́fà búrẹ́dì láti ọjọ́ ìwọlé, kí a má pẹ́.

Àìkú, 2 Ògún
Mo jẹ búrẹ́dì ìyàwó mi lónìí, mo jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń ṣèdájọ́, láìfi nǹkan kan sí i. Ó dára ju tèmi lọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń kánjú gé ìyẹ̀fun tí kò tíì sinmi tó. Mo lọ bá a nídìí omi, mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Mo mọ̀. Mò ń dúró kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ ni." Ó ti ń di ọ̀gá mi níṣẹ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 12 Ògún
Òjò. Àpò kan láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ṣì ń rẹ̀ mí lọ́sàn-án, mo sì ń sùn láìtijú.

Ìṣẹ́gun, 22 Ọwẹ́wẹ̀
Dókítà ẹ̀dọ̀fóró gbé fọ́tò àyà méjì síwájú iná. Kò sọ èyí tó jẹ́ tuntun. Ó ní kí èmi fúnra mi tọ́ka sí i. Mo wò wọ́n. Nínú ọ̀kan, kókó dì mọ́ra láàárín bí ìyẹ̀fun tí wọn ò pò dáadáa. Nínú ìkejì, ó ti kéré, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló kù. Mo tọ́ka. Ó ní, "Ẹ mọ fọ́tò wò." Kò tíì tán pátápátá, a ó tún padà wá, ojú náà a óò máa wò ó. Àmọ́ ọ̀nà tó dára ló ń gbà lọ.

Nígbà tí a jáde, ìyàwó mi ní ká lọ gba ìwé oògùn ojú lókè, àjà kẹrin. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ti bàjẹ́, bébà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ó wò mí. Mo ní ká gun àtẹ̀gùn. Àjà kìíní, mò ń ka ìgbésẹ̀. Àjà kejì, mo gbàgbé láti máa kà á. Ní àjà kẹta, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi:

"Dádì, ẹ dúró o. Ẹ jẹ́ n mí."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn. A ò kánjú. Àwọn èèyàn ń kọjá lára wa, wọ́n ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ o, òun náà sì ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun, ọkọ òun ló ń sáré jù.